Ohun Tí "AA" Kò Sọ fún Wa Nípa Ẹ̀jẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá, ní Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn

   

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí Alukoro wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, a mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń retí. A ti gbọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, dókítà tó wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹran lẹ́nu wa tán. Ọ̀rọ̀ tòní yàtọ̀. Iṣẹ́ báǹkì ni à ń ṣe, a kì í ṣe dókítà, a kò sì ní kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí iṣẹ́ wa kọ́ wa ni pé iye tó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé àkáǹtì kò sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àkáǹtì náà. Ènìyàn méjì lè ní iye kan náà ní báǹkì, kí ti ọ̀kan jẹ́ owó oṣù, kí ti èkejì jẹ́ owó tó yá. Bẹ́ẹ̀ ni "AA" tí wọ́n kọ sí káàdì jẹ́nótáìpù wa rí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Ìdí tí a fi mú un wá síwájú yín lọ́dún yìí ni pé àwọn ọmọ wa ti ń dàgbà. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni à ń mú wá sípàdé, tí wọ́n ń sáré káàkiri ìdí àga. Lónìí, àwọn kan nínú wọn wà ní yunifásítì, àwọn kan ti wà ní Kánádà àti ìlú Òyìnbó, àfẹ́sọ́nà kò ní pẹ́ẹ́ wọlé. Ìbéèrè "kí ni jẹ́nótáìpù rẹ̀?" yóò jáde lẹ́nu wa kí a tó bèèrè orúkọ bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀lì. Ìwé ìtọ́sọ́nà kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, òun ló ń sọ fún ara bí yóò ṣe ṣe ẹ̀jẹ̀, irun, egungun àti gbogbo nǹkan. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́: A, C, G àti T. Lẹ́tà inú rẹ̀ tó bílíọ̀nù mẹ́ta. A pín ìwé yìí sí apá 23, apá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní kúrómósómù. A gba ẹ̀dà kan lọ́wọ́ bàbá, a gba ẹ̀dà kan lọ́wọ́ ìyá, ó wá di 46. Ibi tí iṣẹ́ kan pàtó wà nínú ìwé náà ni wọ́n ń pè ní jíìnì.

Kúrómósómù kọ̀ọ̀kan rí gbọọrọ bí ọ̀já, ó sì ní ìpẹ̀kun méjì. Ní ìpẹ̀kun gan-an, lẹ́tà mẹ́fà kan, TTAGGG, ni a tún kọ, tí a tún kọ, lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bí ìgbà tí aránṣọ bá ṣẹ́ etí aṣọ kó má baà tú. Ìṣẹ́tí nìyẹn. Àwọn mẹ́ta tó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, Elizabeth Blackburn, Carol Greider àti Jack Szostak, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pẹ̀lú kóró oògùn olówó iyebíye, tó ní yóò fa ìṣẹ́tí yìí gùn kí ẹ lè padà di ọmọ ogún ọdún, ẹ kí i, kí ẹ sì di àpò yín mú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́tí la bá wá, àdúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ la bá wá.

Bí ẹni tó ti kúrò ní Ìbàdàn láti ogún ọdún bá padà dé, tó sì gba Mápó tàbí Ọjà Ọba kọjá, kò ní ṣìnà. Ilé tó fi sílẹ̀ níbẹ̀ náà ló bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó gba Ẹlẹ́yẹlé yìí kọjá sí Àpẹ́tẹ́ tàbí Ológúnẹrú, yóò bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Oko ti di òpópónà. Ẹni kan ya àwòrán ilé ẹni kejì, ó kọ́ ọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́ sí ilẹ̀ tiẹ̀. Ògiri kan wó, wọn kò tún un kọ́. Ààlà ilẹ̀ ń sún síwájú, ó ń sún sẹ́yìn. Bí etí ìlú ṣe rí ni etí kúrómósómù náà rí. Àárín rẹ̀ sábà máa ń jọra láàárín ènìyàn sí ènìyàn, ṣùgbọ́n ní etí, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ kan a máa fò láti orí kúrómósómù kan bọ́ sí òmíràn, abala kan a sọnù, abala kan a di méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn jíìnì kan tí a fi ń gbọ́ òórùn wà níbẹ̀ tí iye ẹ̀dà wọn kò dọ́gba lára èmi àti ìwọ. Ní etí kúrómósómù kẹrin, abala kan wà tí wọ́n tún kọ léraléra. Bí iye rẹ̀ bá dín ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè fa àìsàn tó ń sọ iṣan ojú, èjìká àti apá di aláìlágbára. Èyí tó kàn wá jù lọ níhìn-ín wà ní etí kúrómósómù kẹrìndínlógún.

Kúrómósómù kẹrìndínlógún gùn tó nǹkan bí mílíọ̀nù 90 lẹ́tà. Ní etí-etí rẹ̀ pátápátá ni jíìnì alpha-globin wà. Ní 1991, Andrew Wilkie, Douglas Higgs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Oxford wọn bí jíìnì yìí ṣe jìnnà sí ìpẹ̀kun kúrómósómù náà tó lára oríṣiríṣi ènìyàn. Lára àwọn kan, nǹkan bí 170,000 lẹ́tà ni. Lára àwọn mìíràn, 350,000. Lára àwọn mìíràn, 430,000. Ìyàtọ̀ 260,000 lẹ́tà láàárín ẹnìkan àti ẹnìkejì, kò sì sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn nítorí rẹ̀! Ní báǹkì, bí ìwé méjì bá fi kọ́bọ̀ kan yàtọ̀ síra, a kì í lọ sílé. Ara ẹ̀dá kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gba ìyàtọ̀ púpọ̀ mọ́ra, títí dé ibi tí kò ti ní gbà á mọ́.

Kí ni alpha-globin ń ṣe? Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, hemoglobin, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní bí àpótí ìjókòó: ẹsẹ̀ alpha méjì, ẹsẹ̀ beta méjì. Jíìnì beta wà lórí kúrómósómù kọkànlá. Ibẹ̀ ni lẹ́tà kan ṣoṣo ti yí padà láyé àtijọ́, tó sọ A di S. Nítorí náà, AA, AS, SS, AC, gbogbo ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà ọmọ wa, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ beta nìkan ni. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lórí káàdì yẹn nípa alpha.

Ó wá yẹ kí ènìyàn ní jíìnì alpha mẹ́rin: méjì tó tẹ̀ léra lórí ẹ̀dà bàbá, méjì tó tẹ̀ léra lórí ẹ̀dà ìyá. Àwọn méjì tó tẹ̀ léra yìí jọra bí ìbejì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìwé owó ẹgbẹ́ méjì tí Akápò da ọ̀kan kọ láti ara èkejì. Ojú ewé keje àti ìkẹjọ inú ìwé kọ̀ọ̀kan jọra débi pé ojú kò lè tètè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹnìkan wá ní kí a ya ìwé méjèèjì sí méjì, kí a fi iwájú ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn èkejì. Bí ó bá ya ìwé kìíní lẹ́yìn ojú ewé keje, tó sì ya ìkejì lẹ́yìn ojú ewé ìkẹjọ, nítorí ó rò pé ibì kan náà ni, ìwé kan yóò jáde tí kò ní ju ẹyọ kan lọ nínú àwọn ìbejì, èkejì yóò sì jáde pẹ̀lú mẹ́ta. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí ara bá ń ṣètò àtọ̀ ọkùnrin tàbí ẹyin obìnrin, tí ẹ̀dà bàbá àti ẹ̀dà ìyá ń pààrọ̀ abala láàárín ara wọn. Ohun tó já bọ́ nínú ẹ̀dà tó dín tó nǹkan bí 3,700 lẹ́tà, jíìnì alpha kan sì bá a lọ. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Láyé àtijọ́ ló ti ṣẹlẹ̀, a sì ń jogún rẹ̀ láti ìran dé ìran.

Àwọn ará ilé wa ló ṣe iṣẹ́ tó fi yé wa bó ṣe pọ̀ tó láàárín wa. Ní University of Ibadan àti UCH, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Fálùsì àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹ̀ṣan, pẹ̀lú Higgs àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Oxford, tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1987 lórí alpha tó dín ní Nàìjíríà àti bí ó ṣe ń bá àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ṣe. Ìwádìí náà àti àwọn tó tẹ̀ lé e jẹ́ ká mọ̀ pé bí ẹnìkan nínú mẹ́ta nínú àwọn ènìyàn wa, tàbí kó lé díẹ̀, ló ní ẹ̀dà tó dín yìí. Ẹ wo tábìlì tí ẹ jókòó sí. Tí ẹ bá pé mẹ́wàá, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí tábìlì yẹn ni kò ní alpha mẹ́rin. Wọ́n ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́wọ́, wọn kò mọ̀. Ní 2001, Ìyá wa Fálùsì gba ẹ̀bùn L'Oréal àti UNESCO tí wọ́n fi ń dá àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́lá, fún ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn olórin fújì ti kọrin ki àwọn tí kò ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí.

Ẹ ó bi wá pé, ohun tó sọnù, kí ló dé tó fi pọ̀ tó báyìí? Ẹ̀fọn ni. Ibà ti pa ọmọ wa láti ayébáyé. Ọmọ tí S kan ṣoṣo wà lára rẹ̀, ìyẹn AS, ibà líle kì í tètè rí i mú; ìdí nìyí tí bí ẹnìkan nínú mẹ́rin fi jẹ́ AS ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ náà ni alpha tó dín. Ìwádìí láti Papua New Guinea àti Kẹ́ńyà fi hàn pé ọmọ tí alpha rẹ̀ dín kì í sábà bọ́ sọ́wọ́ ibà tó ń pani. Àwọn tó kù láyé ló bí wa. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yà wá lẹ́nu gan-an. Thomas Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kilifi, létí òkun Kẹ́ńyà, ṣàlàyé ní 2005 pé bí ọmọ kan bá jẹ́ AS, tí alpha rẹ̀ sì tún dín, ààbò méjèèjì kì í pọ̀ sí i. Ńṣe ni wọ́n ń fagi lé ara wọn. Ọdẹ méjì lẹ́nu ọ̀nà, olúkúlùkù rò pé ẹnìkejì ń ṣọ́lé, olè wọlé.

Ṣé àìsàn wá ni ká pè é? Rárá o. Ẹni tó ní mẹ́ta nínú mẹ́rin, ara rẹ̀ dá ṣáká, àyẹ̀wò pàápàá lè má fura. Ẹni tó ní méjì, ìyẹn ẹni tí bàbá fún ní ẹyọ kan tí ìyá sì fún ní ẹyọ kan, ara rẹ̀ náà dá, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò kéré ju ti ẹlòmíràn lọ, iye ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè fi díẹ̀ relẹ̀. Bó ṣe dá a nìyẹn. Ibi tí ìyọnu ti ń wọlé ni pé ẹni tí èròjà irin kò tó lára rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa tirẹ̀ náà máa ń kéré. Lójú ẹ̀rọ àyẹ̀wò, àwọn méjèèjì jọra.

Ojúgbà wa kan, obìnrin, tó fún wa láṣẹ láti sọ ọ́ láìdárúkọ, ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà oyún àkọ́kọ́. Ibikíbi tó bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, "Ìyá, ẹ̀jẹ̀ yín ò tó" ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ oníhóró, oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi, ẹ̀fọ́ ugu tí wọ́n fún mọ́ mílíìkì, ó lò ó tán. Inú rẹ̀ ń kún, ìgbẹ́ rẹ̀ ń dúdú, kò rí ìgbẹ́ yà dáadáa. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ní ọjọ́ kan, dókítà ọ̀dọ́ kan ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ferritin, tí wọ́n fi ń mọ iye irin tí ara fi pamọ́. Irin kún ibi ìpamọ́ rẹ̀ dáadáa! Dókítà ní kó dá oògùn náà dúró, ó sì fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ka DNA. Alpha méjì ló ní. Ohun tó dùn ún jù, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ fún wa, kì í ṣe owó oògùn. Ó ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni òun ń rò pé aláìlera ni òun, tí òun kì í gbà kí wọ́n yan òun sípò nínú ẹgbẹ́ nítorí "ẹ̀jẹ̀ mi ò tó." Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Àìtó irin pọ̀ nílùú yìí, pàápàá láàárín aboyún àti ọmọdé, ó sì léwu. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ọ̀rọ̀ yìí da oògùn aboyún nù. Ohun tí à ń sọ ni pé kí wọ́n wò ó kí wọ́n tó máa fún ènìyàn ní irin fún ọdún mẹ́wàá.

Ó tún kan àwọn ìdílé tí arómọléegun wà nínú wọn, a sì mọ̀ pé wọ́n wà láàárín wa. Ọmọ méjì lè jẹ́ SS, ọ̀kan alpha mẹ́rin, ọ̀kan alpha méjì, kí ìrìn àìsàn wọn má sì dọ́gba. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tí alpha rẹ̀ dín kì í tètè bẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń fi díẹ̀ pọ̀ ju ti èkejì lọ, egbò ẹsẹ̀ tí kì í jinná àti àrùn rọpárọsẹ̀ kì í sábà bá a tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé ó bọ́. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ó máa ń ki. Ìrora egungun kò dín, eegun ìbàdí tó ń kú sì lè pọ̀ sí i fún un. Nítorí náà, nígbà tí ìyá ọmọ kan bá ń sọ fún ìyá ọmọ kejì pé "tèmi kì í rí báyìí, bóyá o ò tọ́jú tìrẹ ni," ẹ bá wa pa á lẹ́nu mọ́. Etí kúrómósómù kẹrìndínlógún lè jẹ́ ara ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe ìtọ́jú ìyá.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wá ńkọ́? Bí ọmọ Yorùbá méjì tí alpha wọn dín bá fẹ́ ara wọn, èyí tó lè burú jù fún ọmọ wọn ni kó ní alpha méjì, a sì ti ní ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Kò sí ìdí kankan láti tú àdéhùn ká nítorí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ ọ́ di AS kejì. Ibi tó ti yẹ kí ojú wa là díẹ̀ ni òkè òkun. Láàárín àwọn ará Ṣáínà, Thailand, Philippines àti àwọn orílẹ̀-èdè kan létí òkun Mẹditaréníà, oríṣi mìíràn wà níbi tí alpha méjèèjì lórí kúrómósómù kan ti sọnù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Irú ìyẹn ṣọ̀wọ́n gan-an nílẹ̀ Áfíríkà. Bí ọmọ wa tó gbé ẹ̀dà ẹyọ kan bá fẹ́ ẹni tó gbé irú ìyẹn ní Toronto, ọmọ tí wọ́n bá bí lè ní alpha kan ṣoṣo. Ìyẹn di àìsàn lóòótọ́: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní í tó, ọlọ inú rẹ̀ lè wú, ó sì lè máa gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A kò sọ pé kí ọmọ má fẹ́ ará Thailand. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n bá oníṣègùn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bímọ.

Ó ku ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìbàdàn mọ̀. Ní 2002, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní HapMap, láti fi mọ ibi tí ìwé ìtọ́sọ́nà ènìyàn ti yàtọ̀ síra. Ẹni 270 ni wọ́n lò. 90 nínú wọn jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn níbí, 90 láti ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, 45 láti Beijing, 45 láti Tokyo. Bàbá, ìyá àti ọmọ wọn tó ti dàgbà ni wọ́n fi ṣe ti Ìbàdàn, ọgbọ̀n ìdílé. Charles Rótìmí, tó wà ní Howard University ní Washington nígbà náà, àti Clement Adébámọ̀wọ̀ wà lára àwọn tó bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Wọn kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Sẹ́ẹ̀lì wọn wà ní ilé-iṣẹ́ Coriell ní Camden, New Jersey, títí di òní. Nígbà tí wọ́n ka odindi ìwé ọkùnrin ará Áfíríkà kan jáde ní 2008, Yorùbá láti Ìbàdàn ni. Ní ọdún yẹn kan náà, nígbà tí Jeffrey Kidd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwòrán ibi tí abala ńláńlá ti sọnù tàbí ti di púpọ̀ lára ènìyàn mẹ́jọ, mẹ́rin nínú mẹ́jọ náà jẹ́ Yorùbá. Etí kúrómósómù ṣì ṣòro láti kà lákòókò yẹn nítorí pé àtúnkọ pọ̀ níbẹ̀ jù. 2022 ni wọ́n tó kọ́kọ́ tẹ ìwé ènìyàn kan jáde láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ti ènìyàn 47 pọ̀, ará Ìbàdàn wà níbẹ̀.

A gbà pé iyì ni. Ṣùgbọ́n a ó sọ tinú wa gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ka àkáǹtì. Ohun tí Ìbàdàn fi síbẹ̀ pọ̀. Ohun tí ará Ẹlẹ́yẹlé tó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò rí gbà padà kò tíì pọ̀. Àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù tí a ń san owó fún kò lè rí alpha tó dín, DNA nìkan ni wọ́n fi ń rí i, kì í sì í ṣe àyẹ̀wò tí à ń bá ní gbogbo ìsọ̀ àyẹ̀wò. Àwọn tó bá mọ ẹni tó wà nínú ìjọba, tàbí tí wọ́n jẹ́ àlejò wa lónìí láti ibẹ̀, ẹ bá wa gbé e dé ọ̀hún.

Wọ́n bi wá ní ìbéèrè mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, Akọ̀wé sì ní kí a kọ ìdáhùn rẹ̀ mọ́ ọn fún ìwé ayẹyẹ yìí.

Bàbá Ìsàlẹ̀ kan bèèrè bóyá wọ́n lè fi oògùn ìbílẹ̀ dá alpha tó sọnù padà. Rárá, sà. Ohun tí kò sí nínú ìwé, àgbo kò lè kọ ọ́ síbẹ̀. Kò sì sí ìdí láti dá a padà.

Ìyàwó ọ̀kan nínú wa bèèrè bóyá ẹni tó jẹ́ AS tí alpha rẹ̀ dín lè di AA lórí ìwé. Kò lè di AA. Ṣùgbọ́n iye S tó máa hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò kéré sí ti AS mìíràn: níbi tí S ti sábà máa ń tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún, tirẹ̀ lè bọ́ sí 30 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. AS ṣì ni. Bí ìwé méjì láti ìsọ̀ àyẹ̀wò méjì bá sọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó lọ tún un ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá kí ó tó dáhùn àdéhùn ìgbéyàwó kankan.

Alága fúnra rẹ̀ bèèrè pé ṣé kí gbogbo ẹgbẹ́ lọ ṣe DNA báyìí. Ìdáhùn wa ni pé kò pọn dandan, owó rẹ̀ kò sì sí nínú àpò ẹgbẹ́. Nígbà tí ẹ bá tún ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán, ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, ẹ má fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ MCV sí. Bí iye tó wà níwájú rẹ̀ bá wà lábẹ́ 80, tí wọ́n sì ń sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, ẹ ní kí dókítà bá yín wo ferritin kí ẹ tó ra ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ náà wúlò. Bí MCV yín bá ti wà nísàlẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tí kò yí padà, ẹ gbé gbogbo wọn dání lọ bá dókítà.